Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Ẹjọ́ Òkété

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí a ti dá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a dá lẹ́bi pé kí ni ó rí sọ sí i. Ẹni náà kì í ṣe ènìyàn. Òkété ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ èdè ń wá lọ sí ẹnu ihò òkété?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ fún mi. Ọ̀nà èdè náà ni mo gbà débẹ̀, bí ẹ óò ti rí i. Mo sì ní ìdí mìíràn pẹ̀lú tí ó kan èmi fúnra mi, tí n kò tíì sọ ní gbangba rí.

Nínú gbogbo ẹranko tí ń bẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, n kò rò pé ọ̀kan wà tí ẹnu wa kì í kúrò lára rẹ̀ bí òkété. Bí ènìyàn bá dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó ké gbàjarè, a ó ní òkété gbàgbé ìbòsí, ó dé orí àtẹ tán ó ń ká ọwọ́ lérí. Bí òbí bá darúgbó tí ó wá ń jẹ lọ́wọ́ ọmọ, a ó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bí ọ̀rẹ́ bá sì da ọ̀rẹ́, òkété náà ni a ó tún nà ní ìka. Ìtàn tí àwọn babaláwo ń sọ ni pé òkété bá Ọ̀rúnmìlà mulẹ̀, ó mọ àṣírí rẹ̀, ó sì lọ tú àṣírí náà síta. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe di orúkọ ọ̀dàlẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì di ohun ẹbọ.

Èmi kì í ṣe babaláwo, n kò sì wá bá Ifá jiyàn, pàápàá jù lọ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n pe àwọn ẹlẹ́rìí tí a kò tíì pè lọ. Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ jẹ́ eku kékeré kan tí kò gbé ilẹ̀ wa rárá.

Eku náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní hámstà. Ó lè jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn. Irun rẹ̀ pọ́n bí wúrà. Ìrù rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá wò ó dáadáa yóò rò pé kò ní ìrù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé a máa sìn ín nínú ilé bí àwa ti ń sin ajá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kan ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ilé ìwé dé ní ọjọ́ kan tí ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ra eku fún òun, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó ní òun kò ti Ilé-Ifẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù kí òun wá máa fi owó bọ́ eku. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yé sunkún, wọ́n sì rà á. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìyá yìí fi ń pè wá lórí fóònù láti ròyìn fún wa bí eku náà ti sùn àti bí ó ti jí.

Ìròyìn náà sì dùn ún gbọ́ lóòótọ́. Ní ọ̀sán, hámstà a ká ara rẹ̀ jọ bí òwú, a sì sùn fọnfọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a dìde, a wọ inú àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n gbé sínú ilé rẹ̀, a sì máa sáré lójú kan náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, láì dé ibì kankan. Ṣùgbọ́n èyí tí ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín jù ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àpò kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún, ọ̀kan wà ní òsì, àwọn méjèèjì sì gùn dé èjìká. Bí wọ́n bá da oúnjẹ sílẹ̀ fún un, kì í dúró jẹ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni yóò kó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí orí rẹ̀ yóò fi tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Yóò wá rọra lọ sí kọ̀rọ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn, gbogbo ẹrù náà yóò sì tú jáde. Bí ẹ bá sì fi àgbà méjì sínú ilé kan, ìjà ni. Ọ̀kan lè pa èkejì. Nítorí náà, olúkúlùkù a máa dá gbé.

Báwo ni eku oko ṣe di ọmọ ilé? Ní ọdún 1839, George Robert Waterhouse, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń bójú tó ilé àkójọ ẹranko ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé nípa ọ̀kan tí wọ́n mú wá láti Aleppo ní ilẹ̀ Síríà. Lẹ́yìn èyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ní ọdún 1930, Saul Adler, oníṣègùn kan ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, ń wá hámstà tí òun lè fi ṣe ìwádìí àrùn. Israel Aharoni, onímọ̀ ẹranko, lọ sí Aleppo láti wá a. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nínú oko ọkà kan títí wọ́n fi bá ìyá kan àti ọmọ 11. Ìyá náà pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn já, àwọn mìíràn kú, ó sì ku ìwọ̀nba díẹ̀. Díẹ̀ yìí ni ó bí, tí ó rẹ̀, tí wọ́n sì kó nínú wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1931. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo hámstà aláwọ̀ wúrà tí àwọn ọmọdé ń gbé mọ́ra káàkiri àgbáyé, inú ihò kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Ibi tí èdè ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí. Láti ẹnu àwọn ará Jámánì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba orúkọ hámstà. Àwọn ará Jámánì náà sì ti ara orúkọ yìí ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìṣe kan, *hamstern*, tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa kó nǹkan jọ pamọ́. Ní àkókò àwọn ogun àgbáyé, nígbà tí ìyàn mú ní ìlú wọn, bí ará ìlú bá gbé àpò lọ sí abúlé láti wá ọ̀dùnkún àti ẹyin, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń lò fún ìrìn àjò rẹ̀. Ẹ wò ó bí wọ́n ti ṣe é: wọ́n rí ẹranko tí ń kó nǹkan pamọ́, wọ́n sì rí ara wọn nínú rẹ̀. Wọn kò pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ọdún kan péré lẹ́yìn tí Waterhouse kọ ìwé nípa hámstà, ní ọdún 1840, eku ńlá kan tí wọ́n mú wá láti Gámbíà dé iwájú rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òun náà ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì sọ ọ́ ní *Cricetomys gambianus*. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè àtijọ́ pẹ̀lú mi, ẹ jẹ́ kí a tú u: *cricetus* ni orúkọ tí wọ́n ń fún hámstà ní èdè Látìnì àwọn onímọ̀, *mys* ni eku ní èdè Gíríìkì. Eku tí ó dà bí hámstà, ará Gámbíà. Òkété wa nìyí! Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka orúkọ yìí nínú ilé ìkówèésí wa níbí, mo pa ìwé dé, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ẹranko tí a ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ nílé, hámstà ni ó ń jẹ́ lójú àlejò.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ òde òní ti wádìí, wọ́n sì ti rí i pé òkété àti hámstà kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìdílé àwọn eku ilẹ̀ Áfíríkà àti ti erékùṣù Madagáásíkà ni òkété ti wá. Wọ́n sì ti pín àwọn òkété fúnra wọn sí oríṣiríṣi: ti ọ̀dàn wà, ti igbó ńlá wà, ti apá gúúsù Áfíríkà náà sì wà. Ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra. Òkété a máa wọ̀n ju kílò kan lọ, gígùn rẹ̀ láti imú dé orí ìrù sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ìrù rẹ̀ dúdú láti ìdí, ó sì funfun ní ìparí bí ẹni pé wọ́n tì í bọ ẹfun. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Imú àti etí ni ó fi ń jẹun. Ihò rẹ̀ a máa ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, yàrá ìsùn a wà nínú rẹ̀, yàrá ìkóúnjẹ-sí a sì wà. Ẹyìn àti èkùrọ́ ni ó máa ń kó síbẹ̀ jù, ṣùgbọ́n bí ó bá rí ohun tí ń dán, ìbáà ṣe ìdérí ìgò, ìbáà ṣe ìṣó, yóò kó o pẹ̀lú. Kódà ó ní ayálégbé: kòkòrò kékeré kan wà tí kò ní ìyẹ́, inú irun òkété àti ti àwọn ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ nìkan ni ó ń gbé káàkiri ayé.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó wo òkété dáadáa. Àwọn ọdẹ wa mọ̀ ọ́n; wọ́n mọ ẹnu ihò tí ó yẹ kí a dí àti èyí tí ó yẹ kí a fi èéfín sí. Ní nǹkan bí ọdún 1973, S. S. Ajayi ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í sin òkété nínú àgò, kí ó lè mọ̀ bóyá a lè sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn bí ewúrẹ́ àti adìẹ, kí àwọn ènìyàn lè rí ẹran jẹ láì pa gbogbo èyí tí ó wà nínú igbó tán. Ó tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1975. Oyún òkété kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ó sì lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n mú wá láti igbó a máa bínú, a sì máa buni jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí sínú àgò a máa rọlẹ̀, ọwọ́ ènìyàn a sì mọ́ wọn lára. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ojú èmi náà rí i.

Ní ọdún 2012, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà mi ní agboolé wa tí kò jìnnà sí Ẹnuwá. Oko bàbá àgbà wà ní ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Ní ọjọ́ kan, àwọn alágbàṣe wá òkété nínú oko náà. Ìyá sá gba ẹnu ọ̀nà kejì lọ, ó ku ọmọ kan ṣoṣo tí kò pẹ́ tí ó lajú. Bàbá àgbà fi fìlà rẹ̀ gbé e wálé.

Ìyá àgbà wò ó, ó ní, "Bàbá wọn, èyí kò tó ọbẹ̀ mà."

Bàbá àgbà ní, "Kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ọmọ yìí ni n ó fún."

Ẹ̀kọ tútù tí a fi wàrà pò ni mo fi ń bọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń jẹ iṣu, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgò adìẹ kan tí a kò lò mọ́ ni ilé rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá àgbà kọ́kọ́ rí i tí ó kó ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láì gbé ọ̀kan mì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ẹni tí ń fun kàkàkí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Akápò. Ẹ mọ̀ pé akápò ni ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé akápò Ọ̀rúnmìlà ni a ń pe ẹni tí ó gbé àpò Ifá kọ́. Bàbá àgbà mọ èyí dáadáa. Ó ní bí òkété bá ti já Ifá kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí ẹnìkan tún fún un ní àpò mìíràn kí á wò ó.

N kò lè ka gbogbo ayọ̀ tí mo rí lára Akápò tán. Bí àwọn aládùúgbò wa bá ti ń kírun alẹ́, ni yóò jí. Yóò jókòó lórí ìdí, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì bọ́jú, yóò nu etí, yóò nu imú, bí ẹni tí ń ṣe àlùwàlá. Yóò wá gbóòórùn ọwọ́ mi kí ó tó ṣe ohunkóhun. Bí mo bá ti jẹ ẹ̀pà láì fún un, kì í fi mí sílẹ̀. A máa gun èjìká mi, a sì máa fi irun ẹnu rẹ̀ rin mí ní etí. Ní òru, ariwo èkùrọ́ tí ó ń họ kì í jẹ́ kí ìyá àgbà sùn. Ìyá àgbà a máa ti inú yàrá pariwo pé, "Akápò, ṣé o kò lè ka owó rẹ lọ́sàn-án ni?"

Ọmọkùnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ ìbátan ìyá àgbà láti abúlé kan ní ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ń lọ sí ilé ìwé ní Ifẹ̀, ó sì ń ran ìyá àgbà lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà wá ẹyọ yẹtí wúrà rẹ̀ kan tì. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì ti sọnù ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Ìyá àgbà pè mí, ó bi mí pé, "Ta ni o rí tí ó wọ yàrá mi lánàá?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ni mo rí."

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ó wọ ibẹ̀ lóòótọ́ láti mú ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé èmi náà wọ ibẹ̀, tí Akápò wà ní èjìká mi. N kò sì sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá ẹnu àgò ní ṣíṣí ní òwúrọ̀, tí Akápò wà nínú rẹ̀ tí ó sùn, bí ẹni tí kò rin òde òru rí. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò sè é. Ọmọkùnrin náà búra, ó sunkún. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí wọ́n fi dá a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọyẹ́, a kó igi ìdáná tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná kúrò láti tún ibẹ̀ ṣe. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti rí ìṣúra Akápò: èkùrọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdérí ìgò, ẹ̀kún pẹ́ńsù mi kan, kọ́kọ́rọ́ àpótí, àti yẹtí ìyá àgbà. Ìyá àgbà jókòó sórí ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo ní òkété ni olè.

Bàbá àgbà wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Òkété kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ nínú ilé yìí, kò sì pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí òkété ń ṣe ni ó ṣe. Ìwọ ni o dákẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ sí abúlé náà. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọkùnrin náà àti àwọn òbí rẹ̀. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àwọn ti gbà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò padà sí Ifẹ̀ wá kàwé mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káfíńtà. Títí di òní, bí a bá pàdé ní ọjà, a máa ń kí ara wa, ṣùgbọ́n ìkíni náà kì í gùn. Ní ti Akápò, mo gbé e padà sí oko bàbá àgbà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ó gbóòórùn ilẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó sì wọ inú igbó lọ.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó kù tí mo fẹ́ pè. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni, Bart Weetjens ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ó ń sin eku oríṣiríṣi nínú yàrá rẹ̀, hámstà sì wà nínú wọn. Ó mọ̀ pé imú wọn mú, pé wọ́n sì gbọ́n. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó ń ronú lórí àwọn bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀ ní Áfíríkà, tí ó ń gé ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọdé, ó rántí àwọn eku rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1997 tí wọ́n ń pè ní APOPO, wọ́n sì fi Yunifásítì Sokoine ní Morogoro, ní Tànsáníà, ṣe ibùdó. Ẹranko wo ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà? Òkété ni, ìbátan tiwa gan-an. Wọ́n kọ́ ọ láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù lábẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò họ ilẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà. Ara rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ǹbù kì í bú bí ó bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ yìí ní Mòsáḿbíìkì, orílẹ̀-èdè náà sì kéde ní ọdún 2015 pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn bọ́ǹbù náà. Wọ́n tún ń kọ́ òkété láti gbóòórùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú itọ́ àwọn aláìsàn.

Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, tí wọ́n bí ní Tànsáníà, lọ ṣiṣẹ́ ní Cambodia láti ọdún 2016. Bọ́ǹbù àti àwọn ohun mìíràn tí ó lè bú gbàù tí ó rí lé ní 100. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ PDSA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà tí wọ́n máa ń fún àwọn ẹranko akọni; òun ni eku àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2021, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹranko tí a ní ó tú àṣírí Ọ̀rúnmìlà, àṣírí ikú ni ó ń tú fún àwọn àgbẹ̀ Cambodia.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò gbè é pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ẹranko kéékèèké bí 800 láti Gánà lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà fún títà. Òkété, ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn eku mìíràn wà nínú wọn. Àwọn kan nínú wọn gbé àrùn kan lọ tí à ń pè ní mpox lónìí. Àrùn náà ran àwọn ẹranko mìíràn tí wọ́n kó sí tòsí wọn nínú ilé ìtajà, ó sì ti ara wọn ran àwọn ènìyàn. Wọ́n ka ènìyàn 47 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó kú. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó eku Áfíríkà wọ ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, n kò sọ pé kí ọmọdé kankan lọ mú òkété inú igbó wá sí orí ibùsùn rẹ̀. Ohun tí èmi ṣe ní ọdún mẹ́sàn-án, àánú Ọlọ́run ni ó bò mí.

Níbo wá ni ẹjọ́ dé? Ní tèmi, mo rò pé ìwà òkété kò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ń kó nǹkan pamọ́, ó ń rìn lóru, ó ń fi imú wá ohun tí ó farasin. Ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu pàkúté tàbí lórí àtẹ yóò pe ìwà yìí ní olè. Ẹni tí ó bá gbé pẹ̀lú rẹ̀ yóò rí iṣẹ́ tí a lè fi í ṣe. Àwa tí a ń kọ ìtàn sì níláti ṣọ́ra jù, nítorí pé ẹlẹ́rìí lè sọ òtítọ́ kan ṣoṣo kí ó sì dákẹ́ lórí ìyókù, bí mo ti ṣe ní iwájú ìyá àgbà, kí ọmọ ọlọ́mọ sì ti ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé ìwé. Ohun tí mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi yẹn, n kò tíì san án. Mo kọ ọ́ síbí kí ó lè wà ní àkọsílẹ̀ pé kò mú yẹtí.

Bí ọ̀kan nínú yín bá ní ẹ̀rí tí ó lòdì sí tèmi lórí ọ̀rọ̀ òkété, kí ó mú un wá. Àyè wà nínú ìwé yìí fún un. Èmi ti sọ tèmi tán.